Ìràwọ̀ Ni Ó Tan Iná, Kì í Ṣe Iná Ni Ó Bí Ìràwọ̀

Ìtàn kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ojú ọ̀run, pé iná ńlá ni nẹ́búlà, àti pé inú iná náà ni a ti ń bí ìràwọ̀. Òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀, nítorí láti 1864 ni onímọ̀ ojú ọ̀run William Huggins ti fi ẹ̀rí hàn pé àwọn nẹ́búlà kan jẹ́ gáàsì tí ń tàn, kì í ṣe ọ̀wọ́ ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran: ìtàn náà ti gbé ọmọ sípò ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a mú nẹ́búlà Òríónì. Lálẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ, ẹni tí ó bá gbójú sókè ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó yóò rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò ní ìlà kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àtàrí rẹ̀ kọjá. Ní apá gúúsù wọn ni àbàwọ́n funfun kékeré kan wà, bí ọyẹ́ kò bá bo ojú ọ̀run. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti rin nǹkan bí 1,300 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Awò awọ̀nàjíjìn a fi ìràwọ̀ mẹ́rin hàn láàárín rẹ̀. Èyí tí ó mọ́lẹ̀ jù, Theta-1 Orionis C, gbóná lára tó nǹkan bí 39,000 dígírì, nígbà tí oòrùn tiwa kò ju nǹkan bí 5,500 lọ. Ìtànṣán rẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ni ó ń já electron kúrò lára háídrójìn. Bí wọ́n bá sì tún padà pàdé, gáàsì a tàn pupa. Mú ìràwọ̀ kan ṣoṣo yìí kúrò, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ náà yóò kú.

Ta wá ni ìyá? Ìkúùkù dúdú tí ó wà lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀ náà ni, gáàsì òun eruku tí ọ̀pọ̀ ibi nínú rẹ̀ tutù ju 240 dígírì lọ nísàlẹ̀ òdo. Gáàsì gbígbóná a máa ràn síta. Èyí tí ó tutù ni kò lágbára láti dènà ìwúwo ara rẹ̀, tí ó fi ń wó jọ sínú, tí ó ń ki, títí àárín rẹ̀ yóò fi gbóná di ìràwọ̀. Báyìí ni a ṣe bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ Òríónì wọ̀nyí ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, ọmọ ọwọ́ lójú oòrùn tí ó ti lé ní 4,500 mílíọ̀nù ọdún. Àgbẹ̀ paraku ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu kò ní ṣi èyí mọ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí iṣu titun ti ń ta nínú ebè ni èbù tí ó bí i ń jẹrà lọ. Pupa tí a ń yìn náà, ara ìkúùkù tí àwọn ọmọ ń jẹ tán ni.

Ẹlòmíràn lè jiyàn pé gáàsì gbígbóná a máa ti ìkúùkù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, tí ìràwọ̀ mìíràn a sì tibẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìkúùkù tútù ni a tì pọ̀, òun náà ni ó sì bímọ. Láti àwọn ọdún 1990 ni awò Hubble ti fi eruku pẹlẹbẹ hàn yíká àwọn ìràwọ̀ kéékèèké ibẹ̀, ohun tí ayé mìíràn ìbá ti ara rẹ̀ dá, tí ìtànṣán Theta-1 sì ń bó o dànù. Iná kò bí wọn. Ogún wọn ni ó ń jẹ.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń kọ̀wé fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tún un kọ báyìí: òtútù ni ó bí ìràwọ̀, ìràwọ̀ ni ó sì tan iná.