Dùrù Píánò: Láti Ọwọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Dé Ọwọ́ Yunifásítì

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, bí òbí kan ní ìlú Òsì, ní ilẹ̀ Ọ̀pin tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di gbẹ́nàgbẹ́nà, kò sí fọ́ọ̀mù tí yóò gbà, kò sì sí ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni yóò bèèrè. Yóò fa ọmọ náà lé ọ̀gá lọ́wọ́ ni. Ọmọ a máa gbálẹ̀, a máa pọ́n irinṣẹ́, a máa ru igi, a sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi gbọ́n. Ọ̀nà yìí ni Aréògún ará Òsì gbà di ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ilẹ̀kùn àti ère Ẹ̀pà tí ó ń gbẹ́. George Bándélé, ọmọ rẹ̀, gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti ṣe àbójútó agbo iṣẹ́ ọnà kan láti 1947 títí di 1954. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ó sì yá, Yunifásítì Ifẹ̀ pe Fákẹ́yẹ wá láàrin àwọn olùkọ́ rẹ̀.

Ní ọgbà Yunifásítì kan náà ni a ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, èyíinì ni píánò títẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì jọ ara wọn ju bí a ti ń rò lọ, nítorí pé kò sí ìwé tí a lè kà tí yóò kọ́ ìka ọwọ́ ní ohun tí ìka kò tíì ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí píánò gbà wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀nà tí ère Òsì gbà wọ ibẹ̀. Ìwé ẹ̀rí láti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ṣíwájú píánò bọ̀. Ohun tí èyí sì mú wá kò tíì tán nílẹ̀ títí di òní.

Orúkọ kan ṣoṣo, dùrù, ni àwọn Yorùbá fi ń pe háàpù Dáfídì inú Bíbélì, ọ́gánì ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì, àti píánò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe píánò ni Bartolomeo Cristofori, ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ní nǹkan bí ọdún 1700. Ojú títẹ̀ 88 ni ó wà lára èyí tí à ń lò nísinsìnyí, funfun 52, dúdú 36. Bí ìka bá tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré onígi tí a fi irun àgùntàn wé lórí yóò lu okùn irin nínú rẹ̀. Nítorí náà, lílù ni à ń lu píánò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títẹ̀ ni a ń pè é. Kí òǹkàwé má gbàgbé kókó yìí, nítorí pé a óò tún padà bá a níwájú.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni Yorùbá ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irú dùrù bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ọ̀nà ìkọrin tí John Curwen tàn kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti dé, dò, re, mí, èyí tí àwọn olùkọ́ wa yá lò láti fi ṣe orúkọ fún ohùn mẹ́ta inú èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń pe àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kò mọ̀ pé èdè àwọn akọrin ni àwọn ń sọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ọdún 1884 ni a bí i, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó ni. Ó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1911, ó sì padà ní 1914 láti di atẹdùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó. Kò kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí di 1962. Ọdún méjìdínláàádọ́ta! Kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí yunifásítì orin àkọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdí dùrù Phillips ni kí ó wò. Fẹlá Ṣówándé jókòó níbẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà jókòó níbẹ̀. Bí ọmọ Òsì ti ń wo ọwọ́ ọ̀gá ni àwọn náà wo ọwọ́ rẹ̀.

Phillips rí ìṣòro kan tí àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀ fojú fò. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láìbìkítà, ìtumọ̀ yóò fọ́ yángá. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tí ó jáde ní 1953. Ó fẹ́ kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì ṣe irú orin bẹ́ẹ̀ fún àwọn akọrin rẹ̀.

Ṣówándé ni ó fi hàn pé ọmọ Yorùbá lè dé góńgó ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ń dé. Ọdún 1905 ni a bí i. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930, kì í sì ṣe ẹ̀kọ́ orin ni ó kọ́kọ́ sọ pé òun ń lọ kọ́, iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Píánò jáàsì ni ó fi ń jẹun níbẹ̀. Ní 1943, ó yege nínú ìdánwò tí ó ga jù lọ ní ilé ẹgbẹ́ àwọn atẹdùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal College of Organists, ó sì gba ẹ̀bùn mọ́ ọn. Ní àwọn ọdún 1960, ó ṣe ìwádìí orin ní Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti kọ́ni ní Howard, ní Pittsburgh àti ní Kent State, tí ó sì kú sí ní 1987.

Ní 1935 ni a bí Akin Euba ní Èkó, ní 1935 náà ni a bí Ayọ̀ Bánkọ́lé ní Jos. Bàbá Euba ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní píánò nílé. Bàbá Bánkọ́lé jẹ́ atẹdùrù ṣọ́ọ̀ṣì. Euba lọ sí Trinity College ní 1952, ó sì gba ìwé ẹ̀rí gíga méjì níbẹ̀, ọ̀kan fún dídá orin sílẹ̀, èkejì fún píánò. Bánkọ́lé lọ sí Guildhall ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1957, lẹ́yìn náà ó lọ sí Clare College ní Cambridge. Ọdún 1957 yìí kan náà ni ó kọ Nigerian Suite fún píánò. Àwọn méjèèjì sì tún dé Yunifásítì California ní Los Angeles, níbi tí wọ́n ti kọ́ bí a ti ń ṣe ìwádìí orin oríṣiríṣi ẹ̀yà ayé. Kò ṣàì yani lẹ́nu pé òkè òkun ni a ti sọ fún ọmọ Yorùbá pé ìlù ilé bàbá rẹ̀ tó ohun tí a ń fi ọgbọ́n yunifásítì wádìí.

Láàrin ìgbà yìí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè gba orin. Nsukka ni ó ṣíwájú, láìpẹ́ lẹ́yìn tí a ṣí Yunifásítì ibẹ̀ ní 1960. Euba kọ́ni ní Yunifásítì Èkó láti 1966 sí 1968 kí ó tó lọ sí Ifẹ̀. Bánkọ́lé wọ Yunifásítì Èkó ní 1969, ó sì wà níbẹ̀ títí ikú òjijì fi pa á ní 1976. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì péré ni. Ó ti kó ẹgbẹ́ akọrin jọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ ilé ìwé, nítorí pé ó mọ̀ pé ohùn ni dùrù tí gbogbo ọmọ ní nílé.

Ìgbà tí Euba wà ní Ifẹ̀, láti 1968 sí 1975, ni ó dára jù lọ láti sọ. Ẹni tí ó ti gba oyè píánò ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó padà lọ jókòó ti àwọn onídùndún, tí ó ń fetí sí bí ìyáàlù ti ń sọ̀rọ̀ tí gúdúgúdú àti àwọn ọmọ ìlù yòókù sì ń tẹnu mọ́ ohun kan náà láìdákẹ́. Orí dùndún ni ó kọ ìwé tí ó fi gba oyè dókítà ní Yunifásítì Ghana ní Legon ní 1974. Ohun tí ó rí kọ́ níbẹ̀ ni ó gbé padà sórí píánò nínú Scenes from Traditional Life, tí ó kọ ní 1970. Ó pe èrò rẹ̀ ní ìlànà píánò ti Áfíríkà: bí ó bá jẹ́ pé lílù ni à ń lu píánò, ìbátan agídìgbo àti ìlù ni í ṣe, a sì lè jẹ́ kí ọwọ́ kan máa ṣe iṣẹ́ ọmọ ìlù nígbà tí èkejì ń ṣe iṣẹ́ ìyáàlù. Alátakò lè sọ pé ìyáàlù a máa fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹnu ènìyàn, pé píánò kò lè fa ohùn, àti pé ohùn kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dúró gbagidi sí ipò tirẹ̀. Òtítọ́ ni. Euba kò sì sọ pé píánò yóò di dùndún. Ohun tí ó ń wá ni ọwọ́ tí yóò máa ronú bí onílù.

Ọmọ tí ó bá ti Òsì tàbí Ìlọfà jáde lọ sí yunifásítì láti kọ́ orin lónìí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ó lè lọ sí Ìlọrin, tí a dá Yunifásítì rẹ̀ sílẹ̀ ní 1975, níbi tí Bọ́dé Ọmọ́jọlá, ẹni tí ó kọ Nigerian Art Music ní 1995, ti fìgbà kan kọ́ni. Ó lè lọ sí Ifẹ̀ tàbí Èkó. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kíbọọ̀dù oníná inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó ti tẹ̀ rí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Etí ni ó fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá àgbà kan bá ṣàdédé dìde nínú ìjọ, tí ó gbé orin ní ohùn tí ó wù ú, ọmọ yìí yóò wá ohùn náà rí kí ìlà kìn-ín-ní tó parí, yóò sì máa gbè é lọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti yege nínú ìdánwò ìpele kẹjọ ti Lọ́ńdọ̀nù ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ jókòó síwájú olùkọ́, ohun tí a óò bi í ni bóyá ó lè ka ìwé orin. Kò lè kà á, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Kì í ṣe pé kíka ìwé orin kò wúlò. Láìsí i, Bach yóò sọnù fún un, Bánkọ́lé náà yóò sì sọnù fún un. Píánò tí a óò fi kọ́ ọ pàápàá tún ní wàhálà tirẹ̀: òjò a máa mú kí pákó rẹ̀ wú, ọyẹ́ a máa mú un gbẹ, okùn a sì máa yẹ̀ kúrò ní ohùn, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni láti ka ìmọ̀ etí sí àìmọ̀kan. Fákẹ́yẹ wọ Yunifásítì pẹ̀lú ọgbọ́n tí ó kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ Aréògún, ọgbọ́n náà ni a sì tìtorí rẹ̀ pè é. Ọmọ tí ó ń tẹ kíbọọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìlọfà kò rí irú ojú rere bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mẹ́ta tí a sọ̀rọ̀ wọn lókè, Ṣówándé, Euba àti Bánkọ́lé, ti inú ilé bàbá olórin bọ́ sí ìdí dùrù kí ìdánwò kankan tó dé.

Ìwé tí a lè fi kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. J. H. Kwabena Nketia ti Ghana ti kọ àwọn orin kéékèèké fún píánò láti àwọn ọdún 1940, tí a lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà Áfíríkà, ṣùgbọ́n ọdún 1994 ni méjìlá nínú wọn tó jáde pọ̀ nínú ìwé kan. Euba fúnra rẹ̀ fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ sí Bayreuth ní ilẹ̀ Jámánì, láti 1993 ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh, níbi tí ó ti fẹ̀yìn tì ní 2011. Ó kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Nígbà tí ó pe àwọn atẹdùrù àti àwọn ọ̀mọ̀wé jọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999 láti jíròrò lórí ìlànà píánò ti Áfíríkà, kì í ṣe Ifẹ̀, kì í ṣe Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Ìlọrin ni wọ́n ti pàdé. Pittsburgh ni.