Ipa Àwọn Alátìlẹ́yìn Nínú Ìtàn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Hereford United: Láti Ife Ẹ̀yẹ Ọdún 1972 Títí dé Ìtúnbí Ẹgbẹ́ Náà

1. Ìfáárà

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejì, ọdún 1972 jẹ́ ọjọ́ pàtàkì nínú ìtàn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ náà ni Hereford United, ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ìsọ̀rí kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí líìgì àgbà ní, na Newcastle United tí ó wà nínú Ìsọ̀rí Kìn-ín-ní, nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ FA. Láti ọdún 1949 tí Yeovil Town ti na Sunderland, kò tún sí ẹgbẹ́ kékeré tí ó ṣe irú rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníròyìn máa ń tẹnu mọ́ nínú ìtàn yìí ni góòlù kan ṣoṣo, èyí tí Ronnie Radford gbá wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Góòlù náà tó ohun tí ènìyàn ń ròyìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo góòlù nìkan kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àwọn alátìlẹ́yìn ni òpó tí ìtàn Hereford dúró lé. Àwọn ni wọ́n mú kí ẹgbẹ́ náà di èyí tí ojú kò lè fò dá. Àwọn náà ni wọ́n sì dá a padà sí ojú pápá lẹ́yìn tí gbèsè ti pa á. Ìbéèrè tí ó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni èyí: ta ni ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ ni, àbí àwọn tí wọ́n ń dúró nínú òjò wò ó?

2. Ìlú Hereford àti Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ìlú Hereford wà ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí ààlà Wales. Ìlú ìsìn ni, nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì kàtídírà àtijọ́ wà níbẹ̀. Ìlú àgbẹ̀ ni pẹ̀lú: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ọtí èso ápù, àgbègbè rẹ̀ ni irú màlúù pupa olójú funfun tí wọ́n ń pè ní Hereford sì ti tàn kálẹ̀ ayé. Nítorí màlúù yìí ni wọ́n ṣe ń fi akọ màlúù ṣe oríkì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà. Pápá ìṣeré wọn, Edgar Street, kò jìnnà sí ibi tí ọjà màlúù wà nígbà náà. Ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ilẹ̀ pápá náà sì wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹgbẹ́. Kókó kékeré yìí yóò wúlò níwájú.

Ní ọdún 1924 ni wọ́n pa ẹgbẹ́ méjì pọ̀ tí wọ́n fi dá Hereford United sílẹ̀. Ní ọdún 1939 ni ó wọ Líìgì Gúúsù. Ní ayé ìgbà náà, ẹgbẹ́ tí ó bá gba ipò kìíní nínú Líìgì Gúúsù kò ní ẹ̀tọ́ kankan láti bọ́ sínú líìgì àgbà. Ìbò ni wọ́n fi ń ṣe é. Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tí wọ́n gbẹ́yìn nínú Ìsọ̀rí Kẹrin yóò bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n tún yan àwọn. Àwọn tí wọ́n wà lóde yóò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wọlé. Àwọn tí wọ́n ti wà nínú ilé ni wọ́n ń dìbò, ó sì máa ń ṣòro kí wọ́n tó ti ara wọn síta. Hereford wà lára àwọn tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn yìí.

Nítorí èyí, Ife Ẹ̀yẹ FA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní sáà 1871 sí 1872, ni ọ̀nà kan pàtàkì tí ẹgbẹ́ ìlú kékeré fi lè bá ẹgbẹ́ ńlá pàdé. Ìbò tí wọ́n ń mú ni ó ń sọ ẹni tí yóò bá ẹni gbá. Kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Àwọn ará Hereford sì mọ adùn rẹ̀ kí ọdún 1972 tó dé. Ní sáà 1957 sí 1958, wọ́n na Queens Park Rangers ní 6-1. Nígbà tí Sheffield Wednesday wá sí Edgar Street ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kìíní, ọdún 1958, òǹwòran 18,114 ni wọ́n wọlé. Hereford pàdánù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iye òǹwòran yẹn fi hàn pé ìlú náà ti ṣetán, ẹgbẹ́ ni kò tíì dé ibi tí ìlú ń wò.

John Charles, ọmọ Wales tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Leeds àti Juventus, wá sí Hereford ní ọdún 1966, ó sì di olùkọ́ni tí ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù títí di ọdún 1971. Orúkọ rẹ̀ fa èrò wá sí pápá. Colin Addison ni ó gba ipò rẹ̀, òun náà sì ń darí, ó ń gbá.

3. Ìrìn Àjò Sáà 1971 sí 1972

Kí Hereford tó rí Newcastle, ó ti rìn jìnnà. Ó na Cheltenham Town. Ó gbá ọ̀mì pẹ̀lú King's Lynn kí ó tó nà wọ́n nígbà tí wọ́n tún un gbá. Ó gbá ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú Northampton Town kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó borí, èyí ẹ̀kẹta sì jẹ́ ní pápá ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn alátìlẹ́yìn ń tẹ̀ lé wọn káàkiri, wọ́n ń san owó ọkọ̀, wọ́n ń san owó ìwọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù gan-an ní iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe jẹun. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Radford fúnra rẹ̀. Ààlà tí ó wà láàárín ẹni tí ń gbá àti ẹni tí ń wò kò nípọn rárá.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kìíní, ọdún 1972, lẹ́yìn tí òjò ti mú kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, Hereford lọ bá Newcastle nílé. Newcastle ti gba ife ẹ̀yẹ kan ní Yúróòpù ní ọdún 1969, Malcolm Macdonald sì wà nínú rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, Brian Owen ti gbá góòlù wọlé fún Hereford. Newcastle dá a padà, wọ́n sì gbá èkejì. Addison fúnra rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di 2-2. Ó di dandan kí wọ́n tún un gbá ní Hereford.

Òjò kò jẹ́ kí wọ́n tètè rí i gbá. Nígbà tí ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì fi pé, pápá ti di ẹrẹ̀. Òǹwòran 14,313 ni àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n wọlé, àwọn mìíràn sì gun orí igi àti òpó iná kí wọ́n lè ríran. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, Macdonald fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Roger Griffiths, tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ tí ó sì ṣì ń gbá a nìṣó, jáde. Ricky George wọlé dípò rẹ̀. Láìpẹ́, Radford já bọ́ọ̀lù gbà nínú ẹrẹ̀, ó gbé e fún Owen, Owen dá a padà fún un, ó sì gbá a láti ọ̀nà jíjìn sí igun òkè àwọ̀n. Àwọn ọmọdé tú wọ pápá. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélọ́gọ́rùn-ún, nínú àfikún àkókò, Ricky George gbá èkejì wọlé. Èrò tún tú jáde. Ó di 2-1, ó sì parí bẹ́ẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n BBC ti rán John Motson, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, lọ síbẹ̀ fún ìròyìn kúkurú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, eré Hereford ni wọ́n fi ṣíwájú ètò wọn, ibẹ̀ sì ni òkìkí Motson ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwòrán náà gbé dé ilé oníkálukú ju góòlù lọ. Ó gbé ojú àwọn alátìlẹ́yìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ìlú kan wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ yìí.

West Ham United ni ó kàn. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn awakùsà èédú ń yanṣẹ́ lódì ni, iná mànàmáná sì ti di ohun tí wọ́n ń ṣọ́ lò. Nítorí náà, ọ̀sán ni wọ́n gbá a, kì í ṣe alẹ́. Ní Hereford, wọ́n gbá ọ̀mì láìsí góòlù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, òǹwòran ju 42,000 lọ. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni, síbẹ̀ àwọn ará Hereford fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wò ó. Geoff Hurst gbá góòlù mẹ́ta, Billy Meadows dá ọ̀kan padà, ìrìn àjò náà sì parí ní 3-1.

4. Ìbò Ọdún 1972

Ó ṣe pàtàkì láti bi í léèrè ohun tí ìṣẹ́gun yìí mú wá ní ti gidi. Ní òpin sáà náà, Chelmsford City ni ó gba ipò kìíní nínú Líìgì Gúúsù, Hereford ṣe ìkejì. Bí ó bá jẹ́ pé ipò nìkan ni wọ́n ń wò, Chelmsford ni ìbá wọlé. Bákan náà, Barrow tí wọ́n yọ kúrò kọ́ ni ó gbẹ́yìn nínú Ìsọ̀rí Kẹrin. Ẹgbẹ́ méjì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ìbò Hereford àti ti Barrow dọ́gba. Nígbà tí wọ́n tún un dì, Hereford borí.

Èyí fi hàn pé àwọn olùdìbò wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ipò. Wọ́n wo òkìkí, wọ́n sì wo èrò. Ẹgbẹ́ tí èrò ń tẹ̀ lé máa ń mú owó ìwọlé wá. Góòlù Radford ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kún Edgar Street ni wọ́n jẹ́ kí àwọn onílé gbà pé àlejò náà tó í gbà wọlé. Kò sì yẹ kí ènìyàn gbàgbé apá kejì: ní ìlú Barrow, àwọn alátìlẹ́yìn tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan sọ ipò wọn nù. Ọdún 2020 ni wọ́n tó padà. Ètò kan tí ó gbé ìlú kan ga nípa ti òkìkí lè rẹ ìlú mìíràn sílẹ̀ láìsí ẹjọ́. Àbùkù yìí wà lára ìdí tí wọ́n fi fi ètò ìgbéga tààrà rọ́pò ìbò ní ọdún 1987.

Hereford kò dójú ti àwọn tí wọ́n yàn án. Ní sáà àkọ́kọ́ ó gòkè kúrò ní Ìsọ̀rí Kẹrin. Ní 1976 ó gba ipò kìíní ní Ìsọ̀rí Kẹta. Ọdún kan ṣoṣo ni ó lò ní Ìsọ̀rí Kejì kí ó tó máa sọ̀ kalẹ̀.

5. Gbèsè, Ìkọ̀sílẹ̀ àti Ìtúnbí

Ní 1997, Hereford já kúrò nínú líìgì àgbà. Ó padà ní 2006, ó sì tún já ní 2012. Òkìkí 1972 kò san gbèsè. Ní 2014, wọ́n lé e kúrò nínú líìgì tí ó wà nítorí gbèsè. Ẹgbẹ́ náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí àwọn alátìlẹ́yìn kò fọkàn tán.

Ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn ṣe nígbà náà yẹ kí òpìtàn fara balẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ àwọn alátìlẹ́yìn ní kí àwọn ènìyàn má ṣe lọ wo eré mọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń lọ sí Edgar Street láti kékeré jókòó sílé ní ọjọ́ Sátidé. Ó jọ ìkọ̀sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ni. Wọ́n ya ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ilé-iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga pàṣẹ pé kí wọ́n tú ilé-iṣẹ́ náà ká. Aláàádọ́rùn-ún ọdún ni nígbà náà.

Nítorí pé ilẹ̀ pápá kò sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó kú, gbèsè kò lè gbé e lọ. Ẹgbẹ́ tuntun, Hereford FC, èyí tí àwọn alátìlẹ́yìn ní ìpín nínú rẹ̀, gba Edgar Street lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní sáà 2015 sí 2016. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, wọ́n dé Wembley fún àṣekágbá ìdíje FA Vase, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké. Morpeth Town nà wọ́n ní 4-1, ṣùgbọ́n nǹkan bí 20,000 alátìlẹ́yìn Hereford ni wọ́n wà níbẹ̀, fún ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹgbẹ́ náà gòkè ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, ní 2016, 2017 àti 2018.

6. Ìgúnlẹ̀

Àwọn Yorùbá ní, bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Radford kú ní ọdún 2022, Motson tẹ̀ lé e ní 2023. Ilé-iṣẹ́ tí Radford gbá bọ́ọ̀lù fún ti kú ṣáájú wọn. Síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò parun, nítorí pé ó wà nínú ìrántí ìlú.

Àwọn kan lè sọ pé ìrìn àjò ife ẹ̀yẹ kì í ṣe nǹkan kan ju ayọ̀ ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìtàn Hereford kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Ní 1972, ó yí ipò ẹgbẹ́ náà padà nínú líìgì. Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n tú wọ pápá ní ohun kan tí wọ́n lè sọ pé tiwọn ni, wọn kò sì gbà kí ó run. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ hàn kedere níbí. Ẹni tí ó ra ìpín lè ni ilé-iṣẹ́, ó sì lè tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ kú tí ẹgbẹ́ kò kú, àwọn tí wọ́n ṣẹ́kù ní ìta pápá ni wọ́n ni ín.