Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Àgbádárìgì: Ọ̀nà tí Ifá Gbà Sọdá Òkun

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí Ifá là kọjá kí ó tó dé Kúbà àti Bràsíìlì, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn ní Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ègùn ní etí ọ̀sà. Kì í ṣe gbogbo àwọn baba wa ni ó gba ibẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn gba Ajúdà àti Èkó.

Ọjà Vlekete ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ òrìṣà òkun àti afẹ́fẹ́ ni ọjà náà ń jẹ́, síbẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé Sẹ́ríkí Abass, tí ó ní yàrá 40 tí wọ́n ń há ẹrú mọ́. Sẹ́ríkí fúnra rẹ̀ ti ṣe ẹrú rí ní Bràsíìlì.

Láti èbúté, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé wa sọdá sí Gberefu. Lójú ọ̀nà iyanrìn tí ó lọ sí òkun ni kànga kan wà. Àwọn àgbà ní omi rẹ̀ ni wọ́n ń fún ẹrú mu, kí ó lè gbàgbé ilé.

Ṣùgbọ́n Remigio Herrera, Adéṣínà, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, kò gbàgbé. Babaláwo ńlá ni ó jẹ́ ní Regla, ní òdìkejì èbúté Havana. A há ara mọ́lé, a kò lè há orí inú mọ́.

Ìgbàgbé tí omi kànga kò lè fà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìmẹ́lẹ́ fà á láàrin wa.