Kí Ojúmọ́ Tó Mọ́: Ìkọlù Nínú Ogun àti Ìṣèlú Láti Kétu Dé Tchaourou

Alafiarou jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn méje tó wà lábẹ́ kọmúùnù Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Benin. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ wà ní gúúsù rẹ̀, ilẹ̀ Ìbàrìbá wà ní àríwá. Ẹni tó bá gbédè wa á gbọ́ "àlàáfíà" nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n agbègbè yìí ti rí ogun láti ọ̀tún àti òsì. Ìbéèrè mi nìyí: kí ló ń mú kí ìkọlù gba ìlú, kí ló sì ń sọ ọ́ di òfo? Lójú tèmi, ìròyìn ló ń pinnu rẹ̀, kì í ṣe iye ìbọn.

Dàhòmì ni ẹ̀rí tó lágbára jù. Àwọn amí ọba Dàhòmì, tó wà ní Abomey, a kọ́kọ́ wọ ìlú bí oníṣòwò. Wọn a wo odi, wọn a ka ìbodè. Ogun a wá rìn lóru, láìdáná, láìpariwo. Kí ojúmọ́ tó mọ́, wọ́n ti yí ìlú po. Obìnrin tó jí láti bu omi nínú àmù á gbọ́ ìró ìbọn kó tó gbé igbá sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kó àìmọye ará Ṣábẹ̀ àti Kétu lẹ́rú, ìdí nìyẹn tí àwọn Ṣábẹ̀ fi ń sá gun òkè àpáta wọn.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ṣíwájú ogun dé, ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí Ghezo, ọba Dàhòmì, kọlu Abẹ́òkúta ní 3 oṣù kẹta 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti kìlọ̀ fún Ẹ̀gbá. Àwọn ará Ìṣágà, tí wọ́n ṣe bí ẹni tó túúbá, tún gba Dàhòmì nímọ̀ràn pé ọ̀sán ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n sì gba ìbodè Arò, níbi tí odi ti le. Òkú Dàhòmì sùn lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn odi. Glele, tó jọba lẹ́yìn Ghezo, gbẹ̀san lára Ìṣágà ní 1862, ó padà sí Abẹ́òkúta ní 1864, wọ́n tún lé e.

Kétu ní odi, ó ní yàrà, ó ní Àkàbà Ìdènà, ẹnu ọ̀nà onílẹ̀kùn méjì tí àlejò kò lè sáré kọjá. Síbẹ̀, ní 1883, Dàhòmì wọ ìlú nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn jagunjagun kò sí nílé. Ní 1886, wọ́n dó tì í títí ebi fi mú ìlú, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ àlàáfíà tan àwọn aṣáájú jáde. Èyí ló ń dùn mí jù nínú ìtàn yìí: ọ̀rọ̀ ẹnu ló borí ìlẹ̀kùn méjèèjì. Ọdún 1894 ni wọ́n tó tún ìlú náà tẹ̀ dó.

Clausewitz, ọ̀gágun ará Prussia, ti kọ ọ́ pé ìgbèjà lágbára ju ìkọlù lọ. Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ bá a mu. Nínú rẹ̀, Aláàfin Olúewu ti Ọ̀yọ́ àti ọba Nikki ní ilẹ̀ Ìbàrìbá kó ogun ti Ìlọrin ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19. Àwọn ìjòyè kan tó bá wọn lọ kò fi tọkàntọkàn jà, ọba méjèèjì sì kú síbẹ̀.

Nínú ìṣèlú, òfin lè ṣe iṣẹ́ amí. Ní 2018, ilé aṣòfin Benin ṣe òfin tuntun fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí ìdìbò 28 oṣù kẹrin 2019 dé, ẹgbẹ́ méjì péré, tí àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn Ààrẹ Talon, ló kájú òfin náà, tí orúkọ wọn sì wà lórí ìwé ìdìbò. Àwọn alátakò ti jí, ṣùgbọ́n wọ́n ti yí ìlú po.

Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ Tchaourou, ìlú Ààrẹ tẹ́lẹ̀ Boni Yayi, àti ti Ṣábẹ̀ dìde, wọ́n sì bá agbófinró jà. Ìhà kọ̀ọ̀kan ló ń pe tirẹ̀ ní èsì, ó ní ìhà kejì ló kọ́kọ́ kọlu òun. Ní oṣù kẹrin 2021, àwọn alátakò di ọ̀nà Cotonou sí Parakou pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó bá di ọ̀nà ti fi ibi tó wà han gbogbo ayé. Àwọn sójà kò nílò amí kankan. Wọ́n fi ìbọn la ọ̀nà ní Ṣábẹ̀, ènìyàn sì kú.