Ẹyẹ Orí Àdìrẹ Ìbàdàndùn

Àwọn tí ń túmọ̀ àwòrán Yorùbá kì í pẹ́ dé ìparí: bí wọ́n bá ti rí ẹyẹ, ẹyẹ àjẹ́ ni. Irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn mu.

Láfún tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù ni ẹ̀kọ náà. Ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń yà á sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bò kì í gba aró tán, nítorí náà ẹyẹ náà a yọ fẹ́rẹ́fẹ́ nínú dúdú aró. Ojú igun mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín aṣọ sí. Nínú ọ̀kan, òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 ni wọ́n yà, pẹ̀lú ṣíbí láàárín àwọn òpó náà. Nínú òmíràn, ẹyẹ tàbí ewé ẹ̀gẹ́.

Ará Ìdí-Arẹrẹ kò jìnnà sí òkè Mápó, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ti nílé nígboro ni wọ́n ní abà lóko. Ó dà bí ẹni pé ohun tí aṣọ náà ń sọ nìyẹn: òpó ni ìgboro, ẹyẹ àti ẹ̀gẹ́ ni oko. Àní láfún tí wọ́n fi ya òpó, láti ara ẹ̀gẹ́ oko ni ó ti wá!

Ìwé tí Jane Barbour àti Doig Simmonds ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1971 ṣe àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọnà àdìrẹ. Orúkọ ọ̀pọ̀ obìnrin tó ya ẹyẹ wọ̀nyí kò sí lára aṣọ. Bí olùtúmọ̀ bá wá fi àjẹ́ dípò èrò wọn, kí ló kù fún wọn?