Charlie Watkins ti Offley Road: Ọ̀rọ̀ Ohùn Akọrin àti Ẹ̀rọ Oníná

Charlie Watkins kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, lẹ́ni ọdún 91. Àwọn onígìtá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní bàbá ẹ̀rọ ìgbóhùnjáde orí ìtàgé, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò rìn jìnnà tó ti Jim Marshall tàbí ti Vox, àwọn oníṣẹ́ ańpilifáyà bíi tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, Watkins Electric Music tí gbogbo èèyàn ń pè ní WEM, wà ní nọ́ńbà 66, Offley Road, SW9, níbi tí Brixton ti ń wọ Kennington. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kọjá lójoojúmọ́.

Bí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wáàtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀: bí ariwo ṣe pọ̀ tó, bí ó ṣe ń dún jìnnà tó. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ nìyẹn. Ohun tí Watkins ń lé kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ni bí ẹni tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ kò ṣe ní rì sábẹ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ le. Àwọn olórin jùjú Èkó náà ń wá ojútùú sí ọ̀ràn yìí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjú òdì sí tirẹ̀. Àfiwé méjèèjì ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ọdún 1923 ni wọ́n bí Watkins ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun oníṣòwò. Lẹ́yìn ogun, àkọ́díọ́nù ló fi ń jẹun. Òun àti onígìtá kan ni wọ́n jọ máa ń ṣeré. Ẹni tó bá mọ àkọ́díọ́nù mọ̀ pé kì í fún gìtá onígi láàyè: bí ó bá ti fẹ́ atẹ́gùn sínú, ohun tó kù fún onígìtá ni kó máa jó ìka lórí okùn. Ní 1949, òun àti Reg, ọmọ ìyá rẹ̀, ṣí ìsọ̀ àwo orin sí ọjà Tooting. Ní 1951 wọ́n kó lọ sí Balham, wọ́n sì fi gìtá àti àkọ́díọ́nù kún ọjà wọn.

Ańpilifáyà àkọ́kọ́ tó gbé jáde yẹ fún àkíyèsí nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló kó o kúrò lọ́jà. Irú èyí tó ń gba iná AC àti DC ni, nítorí pé iná DC ṣì ń wọ ilé àwọn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ní tiransifọ́mà tó ń ya ara ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára iná tó ń wọlé. Bí wáyà méjèèjì bá ṣi ara wọn gbà nídìí púlọ́ọ̀gì, iná lè wà lára irin inú rẹ̀, kí ó gba wáyà dé okùn gìtá, okùn gìtá sì rèé, ọwọ́ onígìtá ló wà. Bí onítọ̀hún bá wá fi ètè kan máìkì, ọ̀rọ̀ lè di ti ikú. Nígbà tí Watkins gbọ́ ewu tó wà nínú irú ẹ̀rọ yìí, ó gba àwọn tó ti tà padà, kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti kọrin ní òde àríyá tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé iná fún, tí máìkì ti ta á lẹ́nu rí, kò ní fojú kékeré wo ohun tó ṣe yìí.

Láti 1951 títí di 1959, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fún àwọn oníṣòwò láyè láti kó ohun èlò orin wọlé fàlàlà láti Amẹ́ríkà, nítorí owó dọ́là tó ń wọ́n wọn. Gìtá Fender ti Amẹ́ríkà di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń rí lára àwo orin nìkan. Àlàfo yìí ni Vox, Selmer àti Watkins ráyè bọ́ sí. Watkins ṣe ańpilifáyà Westminster kékeré. Ó ṣe Dominator tí iwájú rẹ̀ yọ ṣóńṣó, tí sípíkà kan kọjú sí ọ̀tún, tí èkejì kọjú sí òsì. Reg ní tirẹ̀ ń ṣe gìtá Rapier tí apá ọmọ ilé ìwé ká.

Ní 1958 ni Copicat dé. Orin “Come Prima” láti ọwọ́ Marino Marini ará Ítálì ló gbòde nígbà náà, ìròyìn sì kan Watkins pé ẹ̀rọ téèpù Revox méjì ni ọkùnrin yìí fi ń mú kí ohùn máa dún padà bíi gbohùngbohùn. Watkins rò ó pé gbogbo rẹ̀ lè wọ inú àpótí kan tí olórin lè fi ọwọ́ kan gbé. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bill Purkis ló bá a to àkọ́kọ́. Téèpù kúkúrú tí wọ́n so orí mọ́ ìdí rẹ̀ ló ń yí po nínú rẹ̀. Ó ń kọjá lára ẹ̀yà tó ń pa ohun àtẹ̀yìnwá rẹ́, ó ń dé ọ̀dọ̀ èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń kan mẹ́ta tó ń gbé ohùn jáde, tí wọ́n fi àyè díẹ̀ sí àárín wọn. Ìrìn téèpù láti ọ̀kan dé èkejì ni ìdádúró tí etí ń gbọ́. Bí téèpù bá ń sáré ínǹṣì 7.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí àyè tó wà láàárín sì jẹ́ ínǹṣì 1.5, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni ohùn yóò fi pẹ́ kó tó padà. Bí wọ́n bá dá díẹ̀ nínú ohun tó jáde padà síbi tí wọ́n ti ń gbà á, yóò máa tún ara rẹ̀ wí títí yóò fi rọlẹ̀. Téèpù náà a sì máa jẹ. Ọlọgbọ́n olórin kì í jáde láìmú òmíràn dání.

Kì í ṣe Watkins ló kọ́kọ́ dá ọgbọ́n yìí. Ray Butts ti fi téèpù sínú ańpilifáyà ní Amẹ́ríkà ṣáájú rẹ̀, àwọn ará Ítálì náà kò sì gbẹ́yìn. Ohun tí Watkins ṣe ni pé ó mú un dé ọwọ́ olórin tí kò lówó púpọ̀. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé Johnny Kidd, tó kọ “Shakin’ All Over” ní 1960, ló ra èyí tó kọ́kọ́ tà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, Copicat bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ìròyìn onígìtá kì í sábà dárúkọ. Àwọn ará Jàmáíkà tó ti ń dé láti 1948 kó àṣà sound system wá, ìyẹn ẹ̀rọ orin ńlá tí wọ́n ń gbé lọ sí òde àríyá. Duke Vin, tó ti bá Tom the Great Sebastian ṣiṣẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Kingston, gbé tirẹ̀ kalẹ̀ ní Ladbroke Grove ní àárín ọdún 1950 sí 1959. Ẹni tó sì kan ańpilifáyà fún Tom ni Hedley Jones, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ iṣẹ́ rédà nínú ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun, tó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gìtá oníná ní nǹkan bí ọdún 1940. Nígbà tí dọ́ọ̀bù (dub), ẹ̀ka orin règé kan, wá gbòde, Copicat wà lára ohun tí àwọn onísound system fi ń da ohùn sí afẹ́fẹ́. Bí a bá ń ṣe ìrántí Watkins ní Brixton láìdárúkọ Hedley Jones, ìtàn náà ti dà sí apá kan.

Iṣẹ́ Watkins tó wúwo jù kò tíì dé nígbà náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, ní àjọ̀dún orin jáàsì àti búlúùsì ní Windsor, ó gbé ẹ̀rọ oníwáàtì 1,000 kalẹ̀. Títí di ìgbà náà, ańpilifáyà onígìtá kan ṣoṣo lè bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀ pátápátá. Dípò kí ó máa wá ańpilifáyà kan tó tóbi bí ilé, Watkins mú míkísà kan, ó pín ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde sínú ọ̀pọ̀ ańpilifáyà kéékèèké, ó sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ sípíkà tirẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ sí i, wọ́n kàn ń fi kún un ni. Ẹ̀rọ WEM yìí ni wọ́n lò nígbà tí Rolling Stones ṣeré ní Hyde Park ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1969, ó sì hàn kedere nínú fíìmù tí Pink Floyd ṣe ní Pompeii.

Ẹ jẹ́ ká wá wo Èkó. Ní nǹkan bí 1948, Akanbi Ege mú gángan wọ inú jùjú. Ní 1949, ọdún tí Watkins ṣí ìsọ̀ rẹ̀, Ayinde Bakare fi iná sí gìtá. Christopher Waterman, tó ṣe ìwádìí jùjú, rí i pé ẹ̀rọ ló fún ìlù láyè: nígbà tí gìtá àti ohùn ti lágbára, ẹgbẹ́ lè fi ìlù kún ìlù láìsí pé orin bò mọ́lẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ańpilifáyà onígìtá ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, Watkins sì ní láti wá ẹ̀rọ mìíràn tó máa gba akọrin sílẹ̀. Ní Èkó, ẹ̀rọ ló ṣílẹ̀kùn fún gángan. Gángan pàápàá ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kì í ṣe ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ ìlù gbọ́dọ̀ yé òǹgbọ́ pa pọ̀. Nígbà tí I.K. Dairo, tó gba oyè MBE ní 1963, sọ àkọ́díọ́nù di ohun èlò jùjú, ohun èlò tó ń bo gìtá ìgbà Watkins mọ́lẹ̀ ti rí ìjókòó tirẹ̀ láàárín ìlù.

Lẹ́yìn 1970, àwọn ẹ̀rọ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ gba iṣẹ́ ìtàgé ńlá lọ́wọ́ WEM. Watkins padà sí ẹ̀rọ àwọn alákọ́díọ́nù. Ọgbọ́n Windsor ni ẹni tó ń tọ́jú míkísà ní gbọ̀ngàn àríyá Peckham àti Old Kent Road ṣì ń lò lálẹ́ Sátidé: míkísà kan, ańpilifáyà púpọ̀. Bí olórin bá ti ń lọ sórí oríkì onínáwó, onímíkísà á rẹ kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, á gbé máìkì akọrin àti ti gángan sókè. Bí onínáwó kò bá gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ dáadáa, owó kì í jáde.