Aago Ọlọ́dẹ Nínú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Àlàfo Kan Láàárín Fámúwíà àti Ètò Aṣàkóso

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni aago kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ń ka iye sẹ́yìn títí dé òdo. Ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa fún un ní àmì lóòrèkóòrè kí ó lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ òǹkà rẹ̀. Bí àmì náà kò bá dé títí òǹkà fi tán, aago yóò gbà pé ètò náà ti dákú, yóò sì tún ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi í wé ajá tí ń ṣọ́lé. Ọlọ́dẹ ni ó bá ìṣe rẹ̀ mu jù, àfi pé nǹkan yí padà díẹ̀: ọlọ́dẹ àdúgbò ni í lu irin lóru kí onílé lè mọ̀ pé òun kò sùn, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà, onílé ni ó gbọ́dọ̀ máa lu irin fún ọlọ́dẹ. Ìbéèrè tí ìtàn aago yìí gbé dìde ni pé, nígbà tí ilé bá ń bọ́ lọ́wọ́ onílé kan sí ọwọ́ òmíràn, ta ni yóò máa lu irin?

Ìbéèrè yìí kò sí ní ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó darí ọkọ̀ Apollo, èyí tí àwọn onímọ̀ MIT ṣe fún àjọ NASA, ní irú aago bẹ́ẹ̀. Night Watchman ni wọ́n pè é, ìyẹn ọlọ́dẹ òru gan-an. Ibi kan wà nínú ìrántí ẹ̀rọ náà tí ètò gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò. Bí ó bá kùnà, ọlọ́dẹ kì í mú sùúrù tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. (Àṣìṣe ni kí a ka ìdágìrì 1202 tí ó dún nígbà tí Apollo 11 ń balẹ̀ sínú òṣùpá ní July 20, 1969 mọ́ iṣẹ́ ọlọ́dẹ yìí, ètò tí ń pín iṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ ni ó kígbe pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù.) Ohun tí ó ṣe kókó níbí ni pé ètò inú kọ̀ǹpútà Apollo kò pín sí méjì. Wáyà ni wọ́n fi hun ún mọ́ inú ẹ̀rọ kí ọkọ̀ tó gbéra. Onílé kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ láti ìgbà tí iná bá ti dé.

Ohun tí àìlo ọlọ́dẹ lè náni hàn gbangba ní 1994. Ní January 25 ọdún náà ni wọ́n ta ọkọ̀ òfurufú Clementine sókè láti Amẹ́ríkà. Ó yí òṣùpá ká fún nǹkan bí oṣù méjì, ó sì ya àwòrán rẹ̀. Ní May 7, nǹkan dàrú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ihò tí ń tu èéfín láti darí ọkọ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 11, epo tán, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì ní nǹkan bí ìgbà 80 láàárín ìṣẹ́jú kan. Báyìí ni ìrìnàjò rẹ̀ sọ́dọ̀ òkúta òfurufú Geographos ṣe forí ṣánpọ́n. Aago ọlọ́dẹ wà nínú ẹ̀rọ náà o. Àwọn tí ó kọ ètò rẹ̀ ni kò ráyè kọ èyí tí yóò lò ó.

Nígbà náà, nǹkan ti yàtọ̀ tipẹ́ lórí tábìlì. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà aládàáni rẹ̀ jáde ní 1981, IBM ni ó kọ fámúwíà, ìyẹn ètò tí a ti fi sínú ẹ̀rọ láti ibi tí a ti ṣe é, tí í sì í jí i lójú oorun. Microsoft ni ó pèsè ètò aṣàkóso, tí í gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ fámúwíà tí í sì í bójú tó o títí a ó fi pa á. Onílé ti di méjì, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá.

Ìlànà EFI tí Intel gbé jáde ní 2000, tí àjọ UEFI Forum sì jogún ní 2005, fi òfin sí ọ̀rọ̀ náà. Kí fámúwíà tó pe ètò tí yóò gbé ètò aṣàkóso wọlé, ó gbọ́dọ̀ yí aago sí ìṣẹ́jú 5. Ṣùgbọ́n ní kété tí a bá ti pe ExitBootServices, èyí tí í ṣe ìdágbére láàárín ètò aṣàkóso àti fámúwíà, aago yóò dákẹ́. Ìlànà náà kò tilẹ̀ ní dandan kí aago yìí jẹ́ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ gidi. Nínú EDK II, tí ọ̀pọ̀ fámúwíà òde òní ti jáde, ètò lásán ni a lè fi ṣe é. GRUB, tí ń gbé Linux wọlé, a máa pa á gbàrà tí ó bá jí, nítorí ẹni tí ó bá ń ro ohun tí yóò yàn ju ìṣẹ́jú 5 lọ yóò kàn rí i pé ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ lójú òun.

Ìdí òfin yìí kò ṣòro láti rí. Ètò aṣàkóso tí kò mọ̀ pé aago ń ka iye lẹ́yìn òun yóò kú lójijì, ẹ̀bi yóò sì di ti fámúwíà. Ó bọ́gbọ́n mu fún kọ̀ǹpútà tí ènìyàn jókòó tì. Kò bọ́gbọ́n mu rárá fún ẹ̀rọ orí òpó tẹlifóònù tàbí ti àárín òkun, tí a ń fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí láti òkèèrè. Bí ètò aṣàkóso tuntun bá lábùkù, ẹ̀yìn ìdágbére ni ó sábà máa ń dákú, ìyẹn àkókò tí òfin ní kí ọlọ́dẹ lọ sùn. Microsoft gbìyànjú láti dín ìṣòro náà kù pẹ̀lú tábìlì WDAT, nínú èyí tí fámúwíà ń kọ bí a ti ń tan aago, bí a ti ń pa á àti bí a ti ń fún un ní àmì, kí ètò aṣàkóso má baà máa wá ìmọ̀ náà kiri. Ní 2016 ni Linux kọ́ láti kà á.

Àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà kéékèèké tí a ń fi sínú ẹ̀rọ mìíràn gba ọ̀nà òdìkejì. Ọ̀pọ̀ aago inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ti i.MX, kò ṣe é pa mọ́ bí a bá ti tan án. Nítorí náà, U-Boot, tí ń jí púpọ̀ nínú wọn, kò lè ṣe ju kí ó máa lu irin lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àṣẹ WATCHDOG_RESET fọ́n káàkiri inú àkọsílẹ̀ rẹ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀, títí wọ́n fi fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Lẹ́yìn tí U-Boot bá ti fi ẹ̀rọ lé Linux lọ́wọ́, ibi gbogbo a dákẹ́. Kánẹ̀lì, tí í ṣe ọkàn Linux, ní láti tú ara rẹ̀ kúrò nínú ìdì, kí ó wo bí ìrántí ti tó, kí ó sì wá àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kàn kí ó tó dé orí dráífà tí ó gbọ́ èdè aago. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí ẹni tí ń lu irin. Kìkì ohun tí a lè ṣe ni kí a fún aago ní òǹkà tí ó gùn ju àlàfo náà lọ.

Àlàfo kejì tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Nínú àṣà Linux, kì í ṣe kánẹ̀lì ni ó yẹ kí ó máa lu irin bí kò ṣe ètò mìíràn tí ń ṣiṣẹ́ lókè rẹ̀, tí yóò ṣí /dev/watchdog, nítorí kánẹ̀lì lè wà láàyè kí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀rọ ti kú. Bí fámúwíà bá ti tan aago, kí ni kánẹ̀lì yóò ṣe kí ètò òkè yẹn tó dé? Tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù dráífà ń ṣe èyí tí ó wù ú: òmíràn a pa aago, òmíràn a máa lu irin fúnra rẹ̀. Linux 4.6, tí ó jáde ní 2016, ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe; bí dráífà bá sọ pé aago ti ń rìn, kánẹ̀lì yóò máa lu irin dè onílé tuntun. Àtúnṣe ńlá ni, ṣùgbọ́n ó bí àbùkù tirẹ̀. Bí onílé tuntun kò bá dé láéláé ńkọ́? Kánẹ̀lì ń lu irin, ọkàn ọlọ́dẹ balẹ̀, ẹ̀rọ kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní 2019 ni wọ́n fi open_timeout kún un, èyí tí í fi gbèdéke sí iye àkókò tí kánẹ̀lì yóò fi dúró. Òdo ni iye tí wọ́n fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìtumọ̀ òdo náà sì ni pé kò sí gbèdéke kankan. Bí ẹni tí ó ṣètò ẹ̀rọ kò bá yí i padà, kánẹ̀lì yóò máa lu irin náà lọ.